Ṣé O Mọ̀? Ẹni Tó Kọ́ Dùùrù Ní Èdè Yorùbá

Ará Odo-Ape! Ìwọ tó o máa ń wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Àìkú, sún mọ́ mi díẹ̀, èyí tí mo kó jọ lónìí, tìrẹ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 400 kìlómítà nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń tẹ dùùrù? Johann Sebastian Bach, atẹdùùrù ọmọ Jámánì, ni, láti Arnstadt dé Lübeck, ní 1705. Ká ní Kabba ló ti gbéra ni, ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Èkó!

Igba ọdún géérégé lẹ́yìn ìrìn yẹn, ní May 1905, ni wọ́n bí Fẹlá tiwa. Rárá o, kì í ṣe èyí tó o ń rò. Fẹlá Ṣówándé ni mò ń wí, ọmọ àlùfáà, ẹni tí dùùrù gbọ́ràn sí lẹ́nu.

(Fẹlá kejì yẹn, Fẹlá Kútì, náà ní ìtàn tirẹ̀ o. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì, kọ orin 43 sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.)

Ṣé o mọ̀ pé orin kọ́ ni Ṣówándé bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Iṣẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ kọ́. Jáàsì tó ń lù kó lè rówó jẹun ló wá gbé ẹnjiníà ṣánlẹ̀.

Ní 1936, òun ló jókòó sídìí dùùrù pianó fún Rhapsody in Blue, orin tí Gershwin ará Amẹ́ríkà kọ. Ó tún bá Fats Waller lù pọ̀, Fats Waller tí gbogbo ayé jáàsì ń wárí fún!

Ṣé o wá mọ̀ pé orin lè sọ ọkọ di ọkọ̀? Nínú ìwé orin wa àtijọ́, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n gbé wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gòkè, orin á ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ni ọkọ ìyàwó á bá di ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Èkúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá tó kọ́ Ṣówándé ní Katidírà Kírísítì ní Èkó, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ni kó máa ṣíwájú, kí orin máa tẹ̀ lé e, lókè àti nísàlẹ̀, ó sì là á yé wa nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ṣe orin ìjọ wa lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún mélòó lo rò pé Phillips lò nídìí dùùrù Katidírà yẹn? Méjìdínláàádọ́ta ni, 1914 sí 1962! Bach pàápàá, 27 péré ló lò ní Leipzig kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta ni Ṣówándé gbà nígbà tó di ọmọ ẹgbẹ́ àgbà Royal College of Organists ní 1943.

Ó sì dùn mọ́ mi pé wọ́n tẹ orin dùùrù rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ tí ìyá àgbà rẹ lè pè láìkọsẹ̀: K'á Múra, Ọbáńgíjì, Jésù Olùgbàlà, Oyígíyigì.

Ṣé o mọ̀ pé Bach tọrọ oyè ààfin, tó sì fi ọdún mẹ́ta retí rẹ̀? Ó fi orin bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ olórí ilẹ̀ Saxony ní 1733; 1736 ni wọ́n tó fi í jẹ olórin ààfin. Ṣówándé ní tirẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth fún un ní oyè MBE ní 1956, wọ́n sì fi í jẹ Bagbile ti Èkó ní 1968 nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí ìtàn àti àṣà Yorùbá.

Àbí o ti gbọ́ pé orin háíláìfù kan wọ aṣọ fáólìn, ó sì dé Kánádà? Akinla ni, èyí tó kẹ́yìn nínú African Suite tí Ṣówándé kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn. Ilé iṣẹ́ rédíò CBC fi ṣe orin ìdánimọ̀ fún ètò Gilmour's Albums, ètò tó wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1956 títí di 1997.

Inú African Suite yìí kan náà ni wàá ti bá ohùn orin Ephraim Amu ti Gánà pàdé.

Ó dùn mí díẹ̀ láti sọ èyí: Ohio ní Amẹ́ríkà ni Ṣówándé kú sí, ní March 13, 1987, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, tó o bá ti gbé ìwé yìí sílẹ̀, wá Akinla lórí fóònù rẹ kó o gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bi ọ̀gá akọrin yín léèrè bóyá ó mọ Oyígíyigì.