Apẹja Méjì, Ọ̀kan Lóko, Ọ̀kan Nígbó

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé etí odò ni ilé ẹyẹ apẹja, ẹja sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jókòó sórí wáyà iná lẹ́bàá oko nílẹ̀ Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ẹja kiri. Tata, ìrẹ̀ àti alángbá kéékèèké ló ń ṣọ́. Halcyon senegalensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Linnaeus ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1766, ó sì di 1811 kí George Shaw tó ṣàpèjúwe ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú igbó, Halcyon malimbica.

Téèyàn bá rí wọn lókèèrè, kò ní pẹ́ ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Búlúù ń dán lápá àti nírù àwọn méjèèjì, èjìká wọn dúdú, àgógó wọn pupa lókè, ó dúdú nísàlẹ̀.

Àyà ni kéèyàn wò. Ti oko funfun. Ti igbó ní ọ̀já búlúù tó gba àyà kọjá. Ti igbó tún tóbi díẹ̀: ó tó sẹ̀ǹtímítà 25, èkejì kì í sábà ju 23 lọ.

Nínú igbó tó ṣú, etí ló wúlò ju ojú lọ. Apẹja oko á han lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ á wá máa gbọ̀n tìrììrì wálẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi èékánná ha eyín òòyà. Ti igbó ń súfèé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni: á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á yára láàárín, á tún rọra parí rẹ̀.

Oníjà gbáà ni apẹja oko. Bí àlejò bá wọ àgbègbè rẹ̀, á na apá méjèèjì kí funfun abẹ́ wọn lè hàn. Ó máa ń kọlu èèyàn pàápàá. Inú ihò tí ẹyẹ àkókó ti gbẹ́ sára igi ló ń yé sí. Ti igbó ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ilé tí ikán kọ́ sórí igi, ó sì máa ń jẹ ẹyìn ọ̀pẹ mọ́ kòkòrò, ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́.

Ohun tó pín wọn níyà jù ni oòrùn. Apẹja igbó kò fẹ́ kí oòrùn pa á ní tààrà, nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ti gé igbó di oko kò bá a lára mu mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló tẹ́ èkejì lọ́rùn. Ní ti Áfíríkà lápapọ̀, wọn kò ka ìkankan nínú wọn sí ẹyẹ tó fẹ́ tán láyé. Ìyẹn kò ní kí ti igbó má pòórá ládùúgbò tí igbó rẹ̀ ti tán, ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn tó ń ka ẹyẹ máa kọ iye àwọn méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.