Bàtà Kan, Iṣẹ́ Méjì: Bí Àwọn Agùnkè Ṣe Ń Tọ́jú Bàtà Síkì Wọn

Láti ìlú Chamonix ní ilẹ̀ Faransé dé Zermatt ní Switzerland, ọ̀nà kan wà lórí àwọn òkè Alps tí wọ́n ń pè ní Haute Route. Mọ́tò kò gba ibẹ̀. Lọ́dún 1903, Michel Payot, dókítà kan ní Chamonix, àti àwọn afinimọ̀nà mélòó kan fi síkì la ọ̀nà náà kọjá nínú òtútù títí wọ́n fi dé Zermatt. Lóde òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tọ ipa wọn lọ́dọọdún. Ìrìn náà máa ń tó ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje, inú àwọn ilé ìsinmi orí òkè sì ni wọ́n ń sùn. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, Cabane des Vignettes, wà níbi tó ga ju 3,100 mítà lọ. Bí bàtà bá já níbẹ̀, kò sí ṣúmékà tí èèyàn lè sáré lọ bá.

Síkì tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ máa ń gbé èèyàn gòkè, tí onítọ̀hún á kàn máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn tó ń ṣe é fi ń gun òkè. Wọ́n á lẹ aṣọ gbọọrọ kan, tí wọ́n fi nylon tàbí irun ewúrẹ́ Angora hun, mọ́ abẹ́ síkì. Irun aṣọ náà dojú kọ ẹ̀yìn, nítorí náà síkì á máa yọ̀ lọ síwájú, kò sì ní í yọ̀ padà. Tí wọ́n bá dé téńté òkè, wọ́n á ṣí aṣọ náà kúrò, wọ́n á ti gìgísẹ̀ bàtà mọ́ síkì, wọ́n á sì kọrí sí ìsàlẹ̀. Eré náà ti gbilẹ̀ débi pé lọ́dún 2021, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí ìdíje rẹ̀ wà nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti ọdún 2026 ní Milano àti Cortina.

Iṣẹ́ méjì tí bàtà náà ń ṣe ló ń kó o sí wàhálà. Nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń gòkè, ọrùn bàtà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ síwájú sẹ́yìn bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọrùn kan náà gbọ́dọ̀ le gbagidi, torí òun ló ń darí síkì. Oríkèé, kọ́kọ́rọ́, ìdè àti ihò irin ló ń jẹ́ kí bàtà lè kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sínú èkejì, àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ máa wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe bàtà síkì láyé àtijọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Bob Lange, ará Dubuque ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, gbé bàtà síkì oníke jáde, bàtà aláwọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Ní àwọn ọdún 1980, Fritz Barthel, ọmọ Ọ́stríà tí ìwúwo irinṣẹ́ ti sú, ṣe ìdimú fúyẹ́ kan tí ṣóńṣó irin méjì rẹ̀ máa ń wọ inú ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bàtà. Ilé iṣẹ́ Dynafit gbé e sọ́jà, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Lónìí, ó ṣòro kí èèyàn tó rí bàtà agùnkè tuntun tí kò ní àwọn ihò náà.

Agbègbè Montebelluna àti Asolo ní àríwá Itálì ni ọ̀pọ̀ irú bàtà bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Asolo ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ SCARPA sílẹ̀ lọ́dún 1938. Ike méjì tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni Pebax àti Grilamid. Òtútù kì í tètè sọ wọ́n di ohun tó ń fọ́. Grilamid le ju Pebax lọ, nítorí náà wọ́n lè fi ṣe bàtà tí ara rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì fúyẹ́. Epo tí wọ́n fún lára èso lárà, igi tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa, sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn oríṣi Pebax kan.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti òkè dé ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàtà méjì ló wà nínú ara wọn: èèpo ike lóde, bàtà inú onífóòmù lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ á ti làágùn láti òwúrọ̀, ooru òógùn náà kò sì rí ibì kankan gbà jáde lára ike. Tí wọ́n bá fi bàtà inú sílẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú, á ṣì tutù rinrin nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ tó bá sì tutù kì í pẹ́ lé ròrò. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n yọ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n sì sá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nínú àwọn ilé ìsinmi orí òkè, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni èèpo máa ń wà, sálúbàtà ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ wọlé, tí wọ́n á gbé bàtà inú dání lọ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yàtọ̀ sí ẹnu iná. Ooru ni wọ́n fi mọ fóòmù yẹn, ooru náà ló sì lè bà á jẹ́. Ìwé ìròyìn tí wọ́n rún tí wọ́n ki bọ inú rẹ̀ á fa omi mu, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti rin.

Bàtà inú náà nílò fífọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le, kì í ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ibi tó máa ń kọ́kọ́ lu ni gìgísẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí orí rìfẹ́ẹ̀tì ti ń ha á láti inú èèpo. Tí ihò náà bá ṣì kéré, téèpù tó lágbára tàbí gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà lẹ́yìn tó bá gbẹ lè dí i. Tí ojú rírán bá tú, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín á rán an, torí òwú yẹn lágbára, omi kì í sì í rà á. Àmọ́ kí wọ́n tó rán an, ó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ wá orí rìfẹ́ẹ̀tì tó ṣe é lọ́ṣẹ́, kí wọ́n fi sáńpépà dán an tàbí kí wọ́n fi téèpù bò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí wọ́n lẹ̀ náà á tún lu.

Ìléròrò kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀bi ẹsẹ̀. Bí fóòmù bá ti gbó, á fún pọ̀, ẹsẹ̀ á sì máa sún kiri nínú bàtà. Ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ lè gbé bàtà inú padà sínú ooru tó lé ní 100 dígírì, kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná, kó sì dúró jẹ́ẹ́ títí fóòmù á fi tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bó bá ti gbó kọjá èyí, wọ́n lè ra òmíràn sínú èèpo àtijọ́. Intuition, ilé iṣẹ́ kan ní Vancouver ní Kánádà, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nínú iṣẹ́ yìí.

Bó bá wá jẹ́ pé ike ló ń tẹ eegun, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Oníṣẹ́ á fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná rọ ojú ibẹ̀, á fi irin tì í síta, á sì dè é mọ́lẹ̀ títí á fi tutù. Grilamid máa ń dúró síbi tí wọ́n bá tì í sí. Pebax máa ń fẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ fi máa ń tì í kọjá ibi tó yẹ. Ooru tó bá pọ̀ jù á sì yọ́ ike náà lójijì. Bàtà tí wọ́n fi okùn carbon ṣe ọrùn rẹ̀ kò ṣeé fẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìn bàtà ni kọ́kọ́rọ́ tó ń pààrọ̀ gígun sí sísọ̀ wà. Yìnyín lọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́: á wọnú rẹ̀, á sì dì níbẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà á rò pé òun ti tì í, ìgbà tó bá fi ojúgun fara ti bàtà lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló máa tó mọ̀ pé kò tì. Kí ó tó gbéra, kó fi ṣóńṣó ọ̀pá rẹ̀ ha yìnyín náà kúrò, kó sì tẹ ọrùn bàtà síwájú dáadáa láti dán an wò. Tó bá délé, kó fi ọwọ́ kan di ọrùn bàtà mú, kó fi èkejì di àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, kó mì í. Bó bá ń dún kọ́kọ́, oríkèé ẹ̀gbẹ́ ti tú tàbí ó ti jẹ. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀tì, wọ́n á fún un le, wọ́n á kán gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ rìfẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi dírílì lu ú jáde kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò. Gíríìsì tí wọ́n fi silicone ṣe ló dára fún oríkèé náà, torí àwọn gíríìsì tó wá látara epo rọ̀bì lè ṣàkóbá fún ike.

Ìdè irin náà máa ń já, nítorí òkúta àti ẹnu síkì kejì ń gbá a. Nílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, torí wọ́n ń ta ìdè lọ́tọ̀. Lójú ọ̀nà, ọgbọ́n ló kù. Ìdè tó sún mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù, èyí tó wà lókè ẹsẹ̀, níwájú ọrùn ẹsẹ̀, ló ń mú gìgísẹ̀ dúró sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀tì bá ni wọ́n fi so wọ́n, wọ́n lè tú ti iwájú kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó já. Bí kò bá ṣeé ṣe, bẹ́líìtì tó ń fà bíi rọ́bà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Voile ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, á di bàtà náà mú títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́líìtì yìí, wáyà díẹ̀, bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì méjì mẹ́ta, irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń tú wọn, àti téèpù tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá síkì, gbogbo rẹ̀ kò kún àpò kékeré kan.

Àtẹ́lẹ̀ bàtà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1935, àwọn agùnkè mẹ́fà kú lórí òkè Alps ní Itálì, bàtà tí kò yẹ fún òtútù náà sì wà lára ohun tó fà á. Vitale Bramani, tó wà lára àwọn tó jọ rin ìrìn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtẹ́lẹ̀ tó dára jù, ó sì gbé onírọ́bà jáde lọ́dún 1937. Látara orúkọ rẹ̀ ni orúkọ Vibram ti wá, tí wọ́n ń rí lábẹ́ ọ̀pọ̀ bàtà òkè lónìí. Imú bàtà, tó ń kọ lu òkúta, ni rọ́bà náà ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ṣúmékà ìta ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ náà: wọ́n á nu ojú méjèèjì, wọ́n á fi sáńpépà ha wọ́n, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa wọ́n, wọ́n á dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ díẹ̀, wọ́n á sì fún wọn pọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ibì kan wà tí gọ́ọ̀mù àti bọ́ọ̀tì kò lè ṣe nǹkan kan sí. Irin tó wà ní gìgísẹ̀, bọ́ọ̀tì ló so ó mọ́ bàtà, ó sì ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ihò irin imú bàtà wà nínú ike látìgbà tí wọ́n ti dà á. Bí ṣóńṣó ìdimú ṣe ń yí nínú rẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, ihò á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti fẹ̀ jù, bàtà lè bọ́ kúrò lára síkì lójijì, níbi tí ìṣubú ti lè gba ẹ̀mí. Ó yẹ kí wọ́n máa wo ihò náà lóòrèkóòrè, kí wọ́n yọ yìnyín àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí bóyá ike tó yí i ká ti sán. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ bàtà náà ti pé, bó ti wù kí ara rẹ̀ yòókù dára tó.

Àwọn bàtà kan tún ń gbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ wọ́n. Polyurethane, ike tó wà nínú ọ̀pọ̀ bàtà àtijọ́, máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí omi inú afẹ́fẹ́, títí á fi fọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, tí ìgbà síkì bá ti kásẹ̀, wọ́n á gbẹ bàtà dáadáa, wọ́n á fi bàtà inú padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á dè é díẹ̀ kó má baà yí padà, wọ́n á sì gbé e síbi gbígbẹ tí oòrùn kò dé.

Èyí tó bá ti kọjá àtúnṣe ni Tecnica, ilé iṣẹ́ kan nítòsí Montebelluna, ń gbà padà láti ṣọ́ọ̀bù báyìí. Wọ́n á ya bàtà inú sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo, wọ́n á yọ irin kúrò lára ike, wọ́n á sì lọ ike náà kí wọ́n lè tún fi ṣe nǹkan mìíràn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, bàtà tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì so ló rọrùn jù láti tú. Èyí tí wọ́n fi rìfẹ́ẹ̀tì kàn tàbí tí wọ́n da irin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ike ló ń gba àkókò.