Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Òṣèré Méjì Bá Di Ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe eré tí wọ́n ń ṣe lójú agbo ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ kí ebi má baà pa wọ́n nígbà tí agbo bá tú.

Ẹni tí ó bá mọ erékùṣù Èkó yóò ti gbọ́ nípa Gbọ̀ngàn Glover. Níbẹ̀ ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ọlọ́pàá ni nígbà náà, kí ó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti máa fi eré jẹun. Ẹ ro ohun tí ó fi sílẹ̀ wò! Ọlọ́pàá ń gba owó oṣù. Bí ó bá sì dàgbà, ìjọba ń fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Òṣèré kò ní irú rẹ̀. Bí òjò bá lé àwọn èrò lọ, ọwọ́ òfo ni yóò gbé wálé. Nítorí náà ni àwọn òṣèré fi ń kó ara wọn jọ. Ògúndé pàápàá di ààrẹ ANTP, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà Nàìjíríà. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá di méjì tàbí mẹ́ta nínú iṣẹ́ kan náà ńkọ́? Àwọn ènìyàn á ní kí wọ́n da ẹgbẹ́ pọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ni dídàpọ̀ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ẹgbẹ́ onílù kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òmíràn sì wà ní Láfíàjí. Ọ̀kan ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Èkejì ń gba díẹ̀ nínú owó òde kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní owó lápò. Èkejì jẹ gbèsè. Ọ̀kan ń bọ́ àwọn àgbà tí ọwọ́ wọn kò lè lu ìlù mọ́. Èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dàpọ̀, wọn á pa màlúù, wọn á wọ aṣọ kan náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ bá alága méjì, akápò méjì, ìwé orúkọ méjì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lójú gbogbo ayé, a sì lè fi kọ́gbọ́n. Ní 1933 ni àwọn òṣèré sinimá ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ SAG sílẹ̀. Ní 1937 ni àwọn òṣèré rédíò dá tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ẹgbẹ́ náà gba àwọn ti tẹlifíṣọ̀n mọ́ra, ó sì di AFTRA ní 1952. Nígbà tí ó yá, ẹnì kan náà lè ṣe sinimá lónìí, kí ó ṣe tẹlifíṣọ̀n lọ́la. Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò ìwòsàn tirẹ̀, àpò kọ̀ọ̀kan sì ní iye owó tí òṣèré gbọ́dọ̀ rí nínú iṣẹ́ lọ́dún kí ó tó lè san owó ilé-ìwòsàn fún un. Òṣèré lè ṣiṣẹ́ púpọ̀, kí ìdajì owó rẹ̀ wà níhìn-ín, kí ìdajì wà lọ́hùn-ún, kí ó má sì kún ojú ìwọ̀n níbì kankan.

Wọ́n dìbò lórí ìdàpọ̀ ní 1998, kò bọ́ sí i. Wọ́n tún dìbò ní 2003. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí ó gbà nínú SAG ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n òfin wọn béèrè 60 nínú 100, wọn kò sì pé e. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2012 ni èyí tí ó ju 80 lọ nínú 100 àwọn tí ó dìbò nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà, wọ́n sì di SAG-AFTRA.

Báwo ni wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ alága? Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Ken Howard ti SAG àti Roberta Reardon ti AFTRA jọ ṣe ààrẹ títí di ìdìbò 2013, tí Howard fi di ààrẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpò ìwòsàn kò yá bẹ́ẹ̀. Àwọn alábòójútó tí ẹgbẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ jọ yàn ni ó ń ṣọ́ àpò wọ̀nyí, ìbò ọmọ ẹgbẹ́ nìkan kò lè dà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2017 ni àpò méjèèjì tó di ọ̀kan, ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún márùn-ún.

Síbẹ̀ kò tán. Ní 2020 ni àwọn alábòójútó sọ pé owó kò tó, wọ́n sì yí òfin padà. Ọ̀pọ̀ àgbà òṣèré rí i pé àwọn yóò pàdánù àǹfààní tí wọ́n ti gbọ́kàn lé. Àwọn kan lọ sí ilé-ẹjọ́. Ed Asner, tí ó ti jẹ ààrẹ SAG rí, wà nínú wọn. Ó kú ní 2021. Ní 2023 ni a tó fi owó tí ó lé ní 20 mílíọ̀nù dọ́là parí ẹjọ́ náà.

Ṣé ìdàpọ̀ náà kò wúlò ni? Ó wúlò. Ní 2023 kan náà ni ẹgbẹ́ yìí da iṣẹ́ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún ọjọ́ 118, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi bá àwọn olówó sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ti onílù, ti akọrin tàbí ti òṣèré tíátà, bí wọ́n bá pè yín sí ìdàpọ̀, ẹ má kọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa màlúù, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ta ni yóò san gbèsè àtijọ́? Ọ̀nà wo ni ẹni tí ó kéré jù lọ yóò fi sọ̀rọ̀ kí a gbọ́? Kí ni a ti kọ sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí kò lè jáde òde mọ́? Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Aṣọ ẹgbẹ́ yóò gbó; ìwé yìí ni yóò jẹ́rìí fún onílù náà lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè gbé ọ̀pá ìlù mọ́.