Iná lọ ní Ìdáàṣà, géèmù bá a lọ

Ẹ̀yin tó ń tajà ní Ìdáàṣà mọ̀ pé ìwé gbèsè ló ń bá èèyàn rántí iye tí oníbàárà jẹ. Géèmù tí àwọn ọmọ yín ń gbá náà nílò ìwé tirẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé láàárín òkè mọ́kànlélógójì yìí, a máa ń san sẹ́fà díẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation 2. Lọ́jọ́ kan, ó ku ìdíje kan ṣoṣo kí a gba ife ni iná lọ. Kò sí káàdì mẹ́mọ́rì lára ẹ̀rọ náà. Gbogbo ohun tí a gbá láti àárọ̀ ṣòfò. (Wọn kò dá owó wa padà o.)

Ìṣòro náà ti pẹ́. Lọ́dún 1987 ní Japan, ẹni tó ń gbá Dragon Quest II ní láti da àmì tó lè tó 52 kọ sínú ìwé kó tó pa ẹ̀rọ. Bó bá ṣi ẹyọ kan kọ, géèmù kò ní gbà á. Lọ́dún yẹn kan náà, The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú bátìrì kékeré nínú káséètì rẹ̀, tó ń tọ́jú ibi tí èèyàn dé. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú, ohun tó tọ́jú náà lọ nìyẹn. Káàdì PlayStation kò nílò bátìrì. Èèyàn lè fi í sápò lọ sílé ọ̀rẹ́.

Lónìí, fóònù ló kù. Bí ẹ kò bá so géèmù mọ́ àkáǹtì, bíi ti Google, inú fóònù nìkan ló lè wà. Àbúrò wa kan kò so tirẹ̀. Fóònù já sí kànga; ó ti padà sí ìpele kìíní.