Ọkọ̀ abẹ́-omi àwòṣe tí a ń fi rédíò darí

Ọkọ̀ abẹ́-omi àwòṣe tí a ń fi rédíò darí jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí a kàn ní àwòrán ọkọ̀ abẹ́-omi gidi, tí ẹni tó dúró ní etí omi sì ń fi ẹ̀rọ rédíò ọwọ́ rẹ̀ darí. Ó lè rìn lójú omi, ó lè wọ abẹ́ omi, ó sì gbọ́dọ̀ lè padà yọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta ni ó le jù. Ọkọ̀ ojú-omi lásán tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú ṣì wà lójú omi, afẹ́fẹ́ lè gbé e dé etí odò nígbà tó bá yá. Ọkọ̀ abẹ́-omi tí ìwúwo rẹ̀ bá fi gíráàmù díẹ̀ kọjá ààlà lè lọ sùn sí ìsàlẹ̀ adágún, kí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí ìdọ́gba ìwúwo àti ìléfòó rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ọ̀dà àti ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ lọ.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1898, Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú-omi kékeré kan, tí kò sí wáyà kankan tó so mọ́ ọn, han àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York. Ó gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí iṣẹ́ náà ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ojú omi ni ọkọ̀ Tesla ń rìn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1900, ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ra ọkọ̀ abẹ́-omi gidi tí John Philip Holland ṣe, ọ̀nà tí Holland gbà ń mú un wọ abẹ́ omi sì ṣì wúlò fún àwọn akankọ̀ àwòṣe títí di òní.

Ìlànà ìléfòó

Òfin tí Archimedes ará Syracuse ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú Sànmánì Krístì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé: ohunkóhun tó bá wà nínú omi ń rí agbára ìgbésókè tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ó lé kúrò láyè rẹ̀. Bí ohun náà bá fúyẹ́ ju omi tí ó lé lọ, yóò léfòó. Bí ó bá wúwo jù ú lọ, yóò rì. Akèrègbè òfìfo kì í rì, ẹni tó bá sì ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bọ odò mọ bí omi ti ń tì í padà tó. Bí omi bá ti ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa jáde, akèrègbè á sì máa wálẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́-omi dà bí akèrègbè tó lè gba omi sínú, tó sì tún lè tu omi náà jáde fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni ibi tí ìwúwo àti ìléfòó wà nínú ọkọ̀. Àwọn apẹja máa ń so ohun tó ń léfòó mọ́ okùn òkè àwọ̀n, wọ́n á sì so òjé mọ́ okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àwọ̀n lè dúró ṣánṣán nínú omi. Bákan náà ni ọkọ̀ abẹ́-omi rí: àárín ìléfòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè àárín ìwúwo rẹ̀. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra jù, yíyí tí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ ń yí nìkan lè mú kí ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìwúwo bá sì wà lókè ìléfòó, ọkọ̀ yóò dojú dé nígbà tó bá wọ abẹ́ omi.

Ọ̀nà méjì láti wọ abẹ́ omi

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti Holland. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í wúwo tó omi tí ó lè lé. Ó máa ń ní ìléfòó díẹ̀ nípamọ́ nígbà gbogbo, agbára ẹ̀ńjìnnì àti lẹbẹ ìdí rẹ̀ ni ó sì ń tì í wọ ìsàlẹ̀. Àwòṣe tó bá ń lo ọ̀nà yìí kò nílò táǹkì. Ó rọ̀ mọ́ ojú omi, kò yọ sókè púpọ̀. Bí ó bá ń sáré, tí a sì tẹ lẹbẹ rẹ̀ sílẹ̀, yóò wọlé, bí ẹ̀ńjìnnì bá sì dúró, yóò padà sókè fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà, èyí ni ó yẹ láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ kì í gba ẹ̀mí ọkọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè dúró sójú kan lábẹ́ omi.

Ọ̀nà kejì ni ti táǹkì. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, písítọ̀n tó dà bí ti abẹ́rẹ́ ìgúnni ńlá ni ẹ̀ńjìnnì kékeré ń fà sẹ́yìn láti fa omi wọlé, tí ó sì ń tì síwájú láti tu ú jáde. Ẹ̀rọ yìí wọ́n, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n a lè dá a dúró níbikíbi tí a bá fẹ́, kí omi tó wọlé jẹ́ ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì táǹkì. Nínú àwọn mìíràn, ihò kan ń ṣí lókè táǹkì kí afẹ́fẹ́ lè jáde, omi á sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ, gáàsì láti inú agolo kékeré ni yóò lé omi náà jáde. Èyí yára púpọ̀, ó sì jọ ti ọkọ̀ gidi lójú, ṣùgbọ́n gáàsì inú agolo lóǹkà, ẹni tó bá sì gbàgbé iye ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wọ omi lè bá a nílẹ̀ odò. Àwọn kan ń lo pọ́ńpù, àwọn mìíràn sì ń lo àpò rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sí, tí wọ́n sì tún ń fà á padà.

Àpẹẹrẹ kan: Type VIIC

Ọkọ̀ Jámánì oríṣi Type VIIC, tí wọ́n lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́pọ̀ láàárín àwọn akankọ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Revell ti ṣe ara ike rẹ̀ ní ìwọ̀n 1:72. A sì ṣì lè fojú rí ọkọ̀ gidi: U-995, tó jẹ́ oríṣi VIIC/41, wà ní Laboe nítòsí Kiel, níbi tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1972.

Ọkọ̀ gidi náà gùn ní mítà 67.1, nítorí náà àwòṣe rẹ̀ gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 93. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan ni a ń pín sí 72. Ìwúwo ń tẹ̀lé gígùn, ìbú àti gíga pọ̀, nítorí náà 72 × 72 × 72 ni a fi ń pín in, èyí tó jẹ́ 373,248. Ọkọ̀ gidi ń lé omi tọ́ọ̀nù 769 kúrò láyè rẹ̀ nígbà tó bá wà lójú omi, ó sì ń lé tọ́ọ̀nù 871 nígbà tó bá rì. Àwòṣe tó bá tẹ̀lé ìwọ̀n yìí gẹ́lẹ́ yóò lé kílógíráàmù 2.06 lójú omi, àti 2.33 lábẹ́ omi. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 273, èyí tó fi díẹ̀ ju ìdajì ọ̀rá píọ́wọ́tà onísẹ̀ǹtílítà 50 lọ. Omi tí kò ju ìyẹn lọ ni ó wà láàárín ọkọ̀ tó ń léfòó àti èyí tó rì.

Ìṣirò yìí kò tó láti fi gé táǹkì, síbẹ̀. Ara ike àwòṣe kì í nípọn bákan náà pẹ̀lú irin ọkọ̀ gidi, ohun inú rẹ̀ kò sì jọ ara wọn. Ohun tó ń pinnu bí táǹkì yóò ti tóbi tó ni àyè tí gbogbo ohun líle tó yọ sókè ìlà omi gbà: ike ara ọkọ̀, ilé-ìṣọ́, ìbọn, ọ̀pá awò, àti apá kan nínú àgbá tó gbé ẹ̀rọ. Omi tí táǹkì yóò gbà gbọ́dọ̀ tó láti fa gbogbo wọn wọlé. Akankọ̀ tó bá fi ike tó nípọn tún ilé-ìṣọ́ ṣe nítorí ẹwà ti dá kún iṣẹ́ táǹkì rẹ̀ láìmọ̀.

Ara ọkọ̀ àti àgbá gbígbẹ

Nínú ọ̀pọ̀ àwòṣe, omi máa ń wọ inú ara ọkọ̀ láti ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń jáde padà níbẹ̀. Àgbá roboto kan tí a fi ike tó mọ́ gaara ṣe, tí omi kò lè wọ̀, ni ó gbé bátìrì, ẹ̀ńjìnnì, ẹ̀rọ agbàmì rédíò, àti àwọn servo, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ìtọ́kọ̀ àti lẹbẹ. Àwọn kan ń yàn láti dí gbogbo ara ọkọ̀ pa kí inú rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè òjé púpọ̀ àti táǹkì tó tóbi gan-an.

Wọ́n máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n bátìrì àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Òrùka rọ́bà ni a fi ń dí ìdérí àgbá náà àti ibi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti jáde. Ìfúnpá omi kì í ṣe ohun kékeré: ní jíjìn mítà 2, ìdérí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ń ru agbára tó tó ìwúwo kílógíráàmù 15. Kí a tó gbé ẹ̀rọ sínú àgbá, a máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọpọ́n omi, gẹ́gẹ́ bí fọkanáísà ti ń wá ibi tí táyà ti ń jò. Ibi tí omi bá ti ń hó ni a ó tún dí. Kò yẹ kí a gba bátìrì nínú àgbá tí a dí pa: bátìrì olójé lè tú gáàsì háídrójìn jáde nígbà tí iná bá ń wọ̀ ọ́, ìtapárá iná kékeré sì tó láti fọ́ àgbá náà.

Mímú ọkọ̀ dọ́gba

Inú ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí agbada omi ńlá ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju òjé, fóòmù àti rọ́bà tí a fi ń dè wọ́n fún ìgbà díẹ̀ lọ. Fóòmù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí omi kì í wọ inú ihò rẹ̀. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì yóò mu omi, yóò sì di ẹrù.

Táǹkì gbọ́dọ̀ ṣófo ní àkọ́kọ́. A ó to òjé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, a ó sì fi fóòmù sí abẹ́ ìlà omi, a ó máa fi kún wọn, a ó máa yọ kúrò, títí ọkọ̀ yóò fi jókòó sórí ìlà omi tí a kùn sí i lára, tí imú àti ìdí rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ni a ó kún táǹkì. Bí ọkọ̀ bá rì ju bó ti yẹ lọ, fóòmù ni a ó fi kún un, ṣùgbọ́n lókè ìlà omi nìkan. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé fóòmù tó wà lókè ìlà omi kò gbé ọkọ̀ rárá nígbà tó bá ń léfòó. Ìgbà tí omi bá bò ó ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àtúnṣe abẹ́ omi kò ba ti ojú omi jẹ́. Ẹni tó bá fi fóòmù náà sí ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ ti ga ju ìlà lọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bí táǹkì bá sì kún tán tí ọkọ̀ kò wọlé, kí a má ṣe yára sáré sí òjé: yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ti rì kọjá ìlà rẹ̀ lójú omi. Kí a dín ohun líle tó wà lókè kù, tàbí kí a fi táǹkì tó tóbi jù ú lọ rọ́pò.

Bí imú ọkọ̀ bá ń kọrí sísàlẹ̀ lábẹ́ omi, a ó sún fóòmù òkè síwájú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí omi ń wọ táǹkì ni ó ń fì, táǹkì gan-an ni kò sí ní àárín ọkọ̀, òjé kankan kò sì lè wo àìsàn yẹn sàn. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ pákó òkè ọkọ̀ tún máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ yóò dà bí ẹni pé ó dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rìn díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á jáde, ọkọ̀ á sì wúwo lójijì. Nítorí náà a máa ń gbọn ọkọ̀ dáadáa lábẹ́ omi kí a tó gba ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, orí ọ̀pá awò nìkan ni ó yẹ kí ó yọ nígbà tí táǹkì bá kún. Ó yẹ kí ọkọ̀ ṣì ní ìléfòó gíráàmù díẹ̀, kí lẹbẹ sì tì í wọlé ìyókù. Ìdọ́gba pípé, tí ọkọ̀ kò fẹ́ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, dára láti fẹnu sọ, ṣùgbọ́n kì í dúró: bí ọkọ̀ bá ti ń jìn sí i, omi á máa fún fóòmù àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, omi tí ó ń lé á dínkù, yóò sì túbọ̀ máa rì.

Omi fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Omi òkun fi nǹkan bíi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju omi odò lọ, nítorí náà àwòṣe Type VIIC tó dọ́gba nínú odò yóò rí ìgbésókè gíráàmù 58 sí i nínú òkun, kò sì ní wọlé. Omi tó gbóná ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 30 sì fúyẹ́ ju ti 10 lọ; ọkọ̀ kan náà yóò pàdánù nǹkan bíi gíráàmù 9 láti inú ọ̀kan sí èkejì. Gíráàmù 9 yẹn lè jẹ́ gbogbo ìléfòó tí a fi pamọ́ fún un.

Rédíò lábẹ́ omi

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìdarí òde òní ń lo ìgbì 2.4 GHz, tó dára fún ọkọ̀ òfuurufú àwòṣe, ṣùgbọ́n tí omi ń pa láàárín sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn akankọ̀ abẹ́-omi fi di àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mú, bíi ti 40 MHz ní Britain àti 75 MHz ní Amẹ́ríkà, tí àmì wọn lè wọ omi odò dé mítà mélòó kan. Iyọ̀ ń ba èyí náà jẹ́: nínú omi òkun, ìgbì 40 MHz ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù gbogbo agbára rẹ̀ kí ó tó rìn sẹ̀ǹtímítà 20. Àwọn ọkọ̀ abẹ́-omi gidi ń gbọ́ ìròyìn láti òkè lórí ìgbì tó lọ sílẹ̀ gan-an, láàárín 3 sí 30 kHz, èyí tó ń béèrè áńtẹ́nà tí kò sí akankọ̀ àwòṣe tó lè gbé e.

Nítorí pé àmì lè já nígbàkígbà, a máa ń fi ẹ̀rọ kan sínú àgbá tó ń sọ táǹkì di òfìfo fúnra rẹ̀ bí àmì bá ti sọnù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tàbí bí bátìrì bá ń kú lọ. Ẹ̀rọ mìíràn ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ó sì ń yí lẹbẹ ìdí padà kí ọkọ̀ lè tọ́, nítorí pé ojú ènìyàn láti etí odò kì í tètè rí i. Kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, a gbọ́dọ̀ dán wọn wò: a ó pa ẹ̀rọ ọwọ́ nígbà tí ọkọ̀ wà lábẹ́ omi nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a ti lè rí ilẹ̀ rẹ̀, a ó sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò gbà kí ó tó yọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú odò, okùn tín-ín-rín tí ohun kékeré kan tó ń léfòó wà ní orí rẹ̀ ni a máa ń so mọ́ ilé-ìṣọ́ ọkọ̀, kí a lè mọ ibi tí a ó ti wá a bí kò bá yọ.