Nípa Ẹ̀jẹ̀ Tí Ń Dì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Èkìtì kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá kan, kí iṣẹ́ náà yọrí sí rere, kí ojú ọgbẹ́ máa san, kí àwọn ará ilé sì ti máa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lójijì, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, àyà ń dùn ún, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ó ti dákẹ́. Nígbà náà ni a ó máa na ìka sí orogún àti sí àwọn àgbà ilé. A kò lè sọ ohun tí ó pa olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun kan tí ó lè pa ènìyàn báyìí, tí kò sì sí ọwọ́ ọ̀tá nínú rẹ̀.

Ohun náà ni ẹ̀jẹ̀ tí ó dì. Ẹ̀jẹ̀ dídì fúnra rẹ̀ kò burú: bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn horo wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ a sáré lẹ̀ mọ́ ara wọn láti dí ojú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ a tètè máa dì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, aláìsàn a sì dùbúlẹ̀ lójú kan. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kí ó já, kí ó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ń dènà èyí ni aspirin tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1971 ni John Vane, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàwárí bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1982 nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Aspirin kì í jẹ́ kí àwọn horo wọ̀nyí lẹ̀ mọ́ ara wọn, agbára rẹ̀ lórí wọn a sì tó ọjọ́ méje sí mẹ́wàá.

Ní 2000, a tẹ ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní ilẹ̀ márùn-ún, tí Gúúsù Áfíríkà wà lára wọn, lórí àwọn tí ó ju 13,000 lọ tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́: aspirin dín irú ẹ̀jẹ̀ dídì yìí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní 2023, a fi aspirin wé abẹ́rẹ́ heparin láàárín àwọn 12,211 tí egungun wọn ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn tí ó kú kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ní ìhà méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i níhà aspirin. Fún àwa tí ọ̀kadà ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́, tí owó abẹ́rẹ́ sì ń ni lára, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ sí kẹ́mísì. Ìwádìí mìíràn ní 2014, lórí àwọn tí ó lé ní 10,000 tí a ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ fún, fi hàn pé aspirin kò dènà àrùn ọkàn fún wọn, ṣùgbọ́n ó mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dà sí i. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí dókítà ti fún ní aspirin nítorí ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ tiyín nìyí. Ẹ sọ gbogbo oògùn àti àgbo tí aláìsàn ń lò fún dókítà. Ẹ má ṣe ka ìdùbúlẹ̀ sí ìtọ́jú: bí dókítà bá ti gbà, ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó dìde, kí ó sì rìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn ún, ẹ má ṣe fi àdí wọ́ ọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì ń mí gúlegúle tàbí tí ó ń wú ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó fún irú èyí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí aláìsàn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ bi dókítà pé, “Kí ni a ó ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì?” Ìbéèrè náà kò gba kọ́bọ̀, ó sì lè gba ìyá kan là, kí ó sì gba orogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò mọ̀dí.