Kí gan-an lẹni tó ra NFT rà?

Lọ́dún 2017, Larva Labs ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán orí 10,000, wọ́n pè é ní CryptoPunks, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ tọrẹ. Nígbà tó fi máa di 2021, ẹyọ kan lè wọ mílíọ̀nù dọ́là. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ o!

Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń rà. Blockchain dà bí ìwé ńlá tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ò lè dá nǹkan pa rẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé nọ́ńbà báyìí, lágbájá ló ni ín. Àwòrán gan-an kì í sábà sí níbẹ̀, torí àyè ibẹ̀ wọ́n. Kódà, títí di 2021, ohun kan bí ìtẹ̀ka tí wọ́n ṣírò látinú àwòrán ni CryptoPunks fi pa mọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí tóńtó kan péré padà nínú àwòrán náà, ìtẹ̀ka ò ní bára mu mọ́. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka ò lè ya ojú ẹni tó ni ín.

Ẹ bi àwọn tó ra NFT lọ́wọ́ FTX. Orí kọ̀ǹpútà FTX làwòrán wọn wà. Nígbà tí FTX kógbá sílé ní 2022, nọ́ńbà wọn ṣì wà digbí lórí blockchain. Àwòrán ló di àwátì.